Ọjọ́ Márùn-ún Lórí Ọ̀nà Káńsù: Àkọsílẹ̀ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ààbò Ojú Títì ní Ìbàdàn

Ọjọ́ Ajé, Akínyẹlé

Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìbàdàn, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìjọba ìbílẹ̀ náà wà. Awakọ̀ kì í mọ ìyàtọ̀, kòtò ni kòtò ń jẹ́ lójú tirẹ̀. Òfin ló mọ̀ ọ́n. Àfikún kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gbé ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà àti iná ojú pópó lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló sì pín Ìbàdàn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, márùn-ún nínú ìlú, mẹ́fà ní ẹ̀yìn odi.

Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ wọn ni ètò ọ̀sẹ̀ yìí wà fún: fóòmàn, lébìrà, awakọ̀ típà, lẹ́yìn náà ni ẹnjiníà. A mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n lè gbé ẹnjiníà lọ sí káńsù mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n fóòmàn tó ti ń dí kòtò fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ibẹ̀ náà ni a óò bá a. Bí ìmọ̀ kò bá dé ọwọ́ fóòmàn, a kàn gbé e wá gbé e lọ ni.

Irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣe tuntun. Ní 1982 ni àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ìjọba kéékèèké ìgbèríko tí kò ní ẹnjiníà tó pọ̀. Ní 1991 ni wọ́n nà án dé àwọn ìlú, tí orúkọ rẹ̀ sì di LTAP, ìyẹn ètò ìrànlọ́wọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibùdó tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì wà nínú yunifásítì. Ohun tó wù wá jù níbẹ̀ ni pé olùkọ́ máa ń gbé ẹrù rẹ̀ tọ òṣìṣẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi sí gbọ̀ngàn kankan nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ òní ni kíka ọ̀nà. Apá Mọ́níyà la ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn ín. Ètò KoboCollect la fi sórí fóònù wọn; ọ̀fẹ́ ni, kò nílò nẹ́tíwọọ̀kì lójú ọ̀nà, ó di alẹ́ kó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Mítà 100 kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé kan: fífẹ̀ ọ̀nà, ọ̀dà ni àbí ilẹ̀ lásán, gọ́tà ọ̀tún, gọ́tà òsì, iye kòtò, àti ohun tó lè pa ènìyàn níbẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fo. Gọ́tà tí kò ní ìdérí, òpó iná tó dúró létí títì gan-an, kọ́fátì tí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wó: gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ láti ọ̀kánkán ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀.

Wíìlì tí wọ́n fi ń wọn ọ̀nà wọ́n, káńsù púpọ̀ kò sì ní. Kẹ̀kẹ́ ológeere lásán la lò. Táyà tó jẹ́ ínṣì 26 máa ń lọ tó mítà 2.07 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìyípo 48 ó lé díẹ̀ ni mítà 100. Ẹ má gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ ṣáá o: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi ihò afẹ́fẹ́ táyà, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ fi tépù wọn ibi tó dé, kí ẹ sì pín in sí mẹ́wàá. Bí afẹ́fẹ́ táyà bá dín kù, ìyípo yóò pọ̀ sí i, ọ̀nà yóò sì gùn nínú ìwé ju bó ṣe gùn nílẹ̀ lọ. Kí wọ́n fún afẹ́fẹ́ sí i láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lónìí ni kíkánjú tẹ fóònù. Fóònù máa ń kọ́kọ́ sọ pé òun mọ ibi tí a wà, ṣùgbọ́n ó lè fi ogójì mítà ṣìnà. Ẹ dúró kí ó wọ mítà márùn-ún kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì ṣe é láti inú ọkọ̀. Orúkọ àdúgbò náà ní wàhálà tirẹ̀: pátákó ń pe òpópónà ní orúkọ kan, àwọn onílé ń pè é ní òmíràn. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ kọ. Lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, orúkọ tí ẹnu àwọn aládùúgbò mọ̀ ni wọn yóò dá lórí fóònù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹ̀gbẹ́dá

Òwúrọ̀ wà fún ààbò ibi iṣẹ́, ọ̀sán wà fún dídí kòtò. Ẹni tó bá ti mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ kì í padà wá to kóònù mọ́.

Àmì tí gbogbo awakọ̀ Ìbàdàn mọ̀ ni ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n bá jù sójú títì. Kì í ṣe ohun tí a óò bu ẹnu àtẹ́ lù, awakọ̀ ń tètè lóye rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ pátákó lọ. Ibi tí wọ́n ń gbé e sí ni kò dára: ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún péré sí ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan nílò nǹkan bí mítà 65 kí ó tó dúró, tí a bá ka àkókò tí awakọ̀ fi rí nǹkan tó sì fi tẹ bíréèkì mọ́ ọn. A ní kí fóòmàn kan rin ìṣísẹ̀ gígùn 65 láti ibi kòtò, kí ó dúró níbẹ̀ kí ó wo ẹ̀yìn. Ó wò ó títí. “Ẹ̀yin ọ̀gá, ibi tí mò ń gbé ewé sí, wọ́n ti gun wá kí wọ́n tó rí i nìyẹn.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Lálẹ́, ewé kì í tàn rárá, kóònù tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 70 tí ó ní bẹ́líìtì tó ń dán ló yẹ.

Ohun kejì tí wọ́n ń lò ni dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n da kankéré kún. Ẹ mú un kúrò. Ọlọ́kadà tó bá kọlu dúrọ́ọ̀mù tó kún fún kankéré, ògiri ló kọlù. Iyanrìn díẹ̀ nísàlẹ̀ ti tó láti má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e.

Ojú ọ̀nà tí a ti ṣe é fẹ̀ ní mítà 7, iṣẹ́ gba apá kan, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ sì ń pín apá kejì lò. Pátákó mẹ́ta ló ṣáájú: iṣẹ́ ń lọ níwájú, ọ̀nà fún, ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró wà níwájú. Nínú àdúgbò tí eré kò pọ̀, mítà 30 ló wà láàárín wọn. Níbi tí wọ́n ti ń sáré, ẹ jẹ́ kó tó 100. Lẹ́yìn náà ni ìlà kóònù tó dábùú: mítà 30, kóònù mẹ́fà, mítà 6 láàárín méjì.

Ẹnjiníà kan ní nǹkan bí mítà 56 ló yẹ kí ìlà náà jẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kò ní àṣìṣe: ẹ fi eré, 50, ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi 3.5 tó jẹ́ fífẹ̀ apá tí a dí sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá pín in sí 155. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìlà ọkọ̀ méjì ń lọ sí apá kan náà ni ìṣirò yẹn wà fún, níbi tí ọkọ̀ ti ń yà sínú ìlà ẹlòmíràn láìdúró. Ní títì àdúgbò, a fẹ́ kí ó dẹ eré, kí ó dúró, kí ó retí tirẹ̀. Ìlà tó gùn jù á jẹ́ kí ó rò pé ọ̀nà là fún òun, á sì lọ bá ẹni tó ń bọ̀ lójúkojú.

Ẹni tó di pátákó DÚRÓ mú, etí títì ni kí ó dúró sí, kì í ṣe àárín. Kí ó dá dúró, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ bá pé jọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ awakọ̀ kò ní rí i mọ́. Kí ó sì ti mọ ibi tí òun yóò bẹ́ sí bí ọkọ̀ kan kò bá dúró. Fífi ọwọ́ lásán júwe kò tó. Ọwọ́ kan náà tí a fi ń sọ “máa bọ̀” ni awakọ̀ máïkírà, takisí kékeré Ìbàdàn, ń rí bí ìkíni. Bí àwọn méjì tó wà ní orí méjèèjì kò bá rí ara wọn, ẹ fún awakọ̀ tó gbẹ̀yìn ní ọ̀pá kan kí ó gbé e fún ẹni tó wà lódì kejì. Kò sí bátìrì tó máa kú níbẹ̀. Tí iṣẹ́ bá parí, ibi iṣẹ́ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù, kí pátákó àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tó máa kẹ́yìn.

Ọ̀sán: kòtò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa igun mẹ́rin sí i, kí ẹ gba ara tó le díẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ gé etí rẹ̀ ní òró. Etí róbótó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni táyà máa kọ́kọ́ hó. Ẹ gbá a mọ́, ẹ fọn omi inú rẹ̀ gbẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ àti sí ara etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó dúdú láìṣàn. Bí ó bá pọ̀ jù, oòrùn á fà á gòkè, ojú ibi tí a dí náà á máa yọ̀, ọlọ́kadà ló sì máa jìyà rẹ̀.

Kẹrosíìnì tí wọ́n ń fi lú ọ̀dà yìí ń ba iṣẹ́ jẹ́ gan-an. Tí wọ́n bá lú u, ó gbọ́dọ̀ ráyè gbẹ kí wọ́n tó da nǹkan lé e. Bí wọ́n bá bò ó lójú ẹsẹ̀, kẹrosíìnì á há sábẹ́, á sì máa rọ ọ̀dà tuntun láti ìsàlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú ibi tí a dí náà á ti máa sún bí àkàṣù.

Ìwọ̀n rẹ̀ rèé. Kòtò tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, tó jìn ní 10, gba nǹkan bíi kílò 184 ọ̀dà olókùúta. Kò sí ibi tí wọ́n ń po ọ̀dà tó máa ta ìwọ̀nyẹn fún ẹnikẹ́ni, ìdí sì nìyẹn tí káńsù fi ń da yẹ̀pẹ̀ sí kòtò títí òjò fi máa gbá a lọ. Ìwé kíka ọ̀nà tí a ṣe ní Ọjọ́ Ajé ló wúlò báyìí: ogún irú kòtò bẹ́ẹ̀ lágbègbè kan jẹ́ tọ́ọ̀nù 3.7, típà kékeré kan lè gbé e, ọjọ́ kan ló sì yẹ kó parí, nítorí ọ̀dà kì í dúró de ẹnì kan. Tapólì gbọ́dọ̀ bò ó dé ibi iṣẹ́. Ó yẹ kó ṣì wọ 135 lórí òṣùwọ̀n Celsius bó bá dé. Tó bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 85, kò sí bí a ṣe lè lù ú tó máa ki. Ẹ ti abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n bọ inú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ìbọn tí wọ́n ń nà sí i láti òkèèrè, èèpo òkè nìkan ló ń kà.

Ẹ dà á ní ìpele méjì, ẹ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan láti etí wá sí àárín, kí ó sì ga ju ojú títì lọ ní mìlímítà márùn-ún nígbà tó bá parí. Táyà ló máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Ọjọ́rú, Apẹ̀tẹ̀ ní Ìdó

Iwájú ilé ìwé. Kí á tó fẹnu ba ọ̀rọ̀ bọ́ǹpù, a kọ́kọ́ wọn eré ọkọ̀. Ìbọn ọlọ́pàá tí wọ́n fi ń wọn eré kò sí, kò sì pọn dandan. Ẹ fi tépù wọn mítà 30 létí títì, ẹ fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sí orí méjèèjì, ẹ ṣí aago inú fóònù. Ọkọ̀ tó bá gba 3.6 ìṣẹ́jú àáyá ń sá kìlómítà 30, 2.7 jẹ́ 40. 2 jẹ́ 54. Ọkọ̀ tí nǹkan kan kò dí lọ́nà nìkan ni kí ẹ kà, ọgọ́rùn-ún rẹ̀, kí ẹ fara pamọ́ díẹ̀, nítorí awakọ̀ tó bá rí jákẹ́ẹ̀tì olómi ọsàn á dẹ eré lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ àkókò wọn di eré, kí ẹ to eré náà láti èyí tó kéré dé èyí tó pọ̀. Nọ́ńbà kárùn-ún-dín-láàádọ́rùn-ún ni ẹ máa mú lọ bá alága káńsù. Ìpíndọ́gba kì í fi àwọn asárégun hàn.

Ìdí tí a fi ń da ara wa láàmú báyìí ni pé bí eré bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu kí jàǹbá pa ènìyàn máa ń lé ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin. Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ tí a bá ń dín in kù.

Bọ́ǹpù tí àwọn aládùúgbò fọwọ́ ara wọn ṣe wà káàkiri. Ìbẹ̀rù fún ọmọ wọn ló mú wọn ṣe é, a kò sì lọ bá wọn jà. A jókòó pẹ̀lú àwọn alàgbà ẹgbẹ́ onílé, a fi àbùkù rẹ̀ hàn wọ́n. Fífẹ̀ rẹ̀ kì í ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ó sì ga bíi bíríkì. Ikùn máïkírà ń ha á. Ọlọ́kadà ń yà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà láti yẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ sì ni ọmọ ilé ìwé ń gbà. Omi ń dúró lókè rẹ̀, ibi tí omi bá dúró sí ni ọ̀dà ti máa kọ́kọ́ jẹ. Kò ní ọ̀dà funfun lára, àlejò tó bá gba ibẹ̀ lálẹ́ á fò.

Èyí tó tọ́ gùn ní mítà 3.7 ní ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín gbùngbùn. Ọkọ̀ tó bá rọra ń bọ̀ ní 30 á gun un láìfo, èyí tó ń sá 50 á mọ̀ ọ́n lára. Kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ yìí ni pákó àwòṣe. Káfíńtà gé e láti inú pílíwúùdù níwájú gbogbo wa: ga ní mìlímítà 100 láàárín, 93 ní ìdajì mítà sí àárín, 71 ní mítà kan, 34 ní mítà kan àbọ̀, kó wá di òfo ní mítà 1.85. Wọ́n á máa gbé pákó yìí lórí kankéré tútù láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ibi tó bá ṣ'òfo lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á kún un.

Ní ojú ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 6, kankéré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kúbíìkì mítà 1.5; bí pípò bá jẹ́ ọ̀kan sí méjì sí mẹ́rin, sìmẹ́ńtì àpò mẹ́wàá tó o. Ẹ gbẹ́ ojú títì wọlé ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún ní orí méjèèjì, kí etí kankéré lè rí ibi rì sí. Bí wọ́n bá kàn fi lé orí ọ̀dà, etí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á ṣẹ́ kí oṣù tó yí. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ẹ má ṣe é sí orí òkè tó dagun, tàbí sí kọ́nà, tàbí sí ọ̀nà tí ọkọ̀ aláìsàn ń gbà lọ ilé ìwòsàn. Èkejì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jìn ju mítà 100 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ awakọ̀ á fi àárín wọn san gbèsè àkókò.

Ọjọ́bọ̀, láti Ògùnpa dé Olúyọ̀lé

Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó sì ṣe wá lóore. Kò sí ọjọ́ tó dára láti wo gọ́tà ju ọjọ́ òjò lọ. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tó nílò àlàyé lórí ohun tí omi lè ṣe: omíyalé Ògùnpa ti August 31, 1980, àti omíyalé Ìbàdàn ti August 26, 2011, kò kúrò lẹ́nu àwọn àgbà.

Ìdérí gọ́tà ló gba àkókò wa jù. Ẹ wo ìdérí kankéré kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó nípọn ní 10: kílò 144 ni. Lébìrà méjì kò lè gbé e láìṣe ara wọn léṣe, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ṣí i, gọ́tà á dí, wọ́n á fi dígà fọ́ ìdérí náà, ihò á sì wà níbẹ̀ tí ọmọdé á já sí. Ẹ dín gígùn rẹ̀ kù sí 50, ó di kílò 72, ènìyàn méjì á gbé e. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ṣe ọwọ́ sí i kó tó gbẹ. Inú wa dùn sí bí àwọn lébìrà ṣe gba èyí ju gbogbo nǹkan mìíràn lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn ni ẹ̀yìn wọn ń dùn wọ́n.

Ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n bá kó jáde, ọjọ́ náà gan-an ni kí típà gbé e. Bí wọ́n bá kó o sí etí gọ́tà, òjò kan ṣoṣo ló máa dá a padà.

Fún ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, pákó tó gùn ní mítà méjì la fi kọ́ wọn. Ẹ kan ìtì igi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 mọ́ orí kan lábẹ́, ẹ gbé lẹ́bẹ́lì bíríkìlà lé e, ẹ kọ orí tó ní ìtì sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Bí afẹ́fẹ́ inú lẹ́bẹ́lì bá dúró láàárín, ọ̀nà náà ti dagẹ̀rẹ̀ tó, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni kí wọ́n máa wọn ún bí gírédà bá ti kọjá.

Alẹ́: pátákó ojú ọ̀nà. Ọ̀nà kan wà nínú ìlànà Amẹ́ríkà tó wù wá púpọ̀: ẹni tó ń yẹ pátákó wò lálẹ́ gbọ́dọ̀ tó ọmọ 60 ọdún ó kéré tán, nítorí ohun tí ojú àgbà bá rí, ojú ọ̀dọ́ á rí i. Fóòmàn tó dàgbà jù ló jókòó síwájú, ọ̀dọ́ ń wakọ̀, àgbà náà ń sọ “mo rí i” tàbí “n ò rí i”, ẹnì kẹta ń kọ ọ́. Pátákó tó dán lọ́sàn-án tí kò dán lálẹ́ pọ̀. Eruku ló bo òmíràn, aṣọ tútù lásán sì tún un ṣe. Àwọn olè ń yọ aluminíọ́mù tà. Bí wọ́n bá lu ihò kéékèèké káàkiri ara pátákó kó tó di kíkùn, owó rẹ̀ á já lójú ẹni tó ń ra irin àlòkù. Ìsàlẹ̀ pátákó gbọ́dọ̀ ga ní mítà 2.1 níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń kọjá, kí ó má baà gbá ẹnikẹ́ni lórí.

Ọjọ́ Ẹtì, Agodi

Lónìí a kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn fóòmàn ló kọ́ àwọn lébìrà tí kò sí níbẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé, a kàn dúró sẹ́yìn. Ìlà kóònù jáde dáadáa. Ẹni kan gbé pátákó DÚRÓ sí àárín títì, fóòmàn rẹ̀ fà á lápá sí etí kí á tó lanu. Níbi wíwọn eré, wọ́n gbàgbé láti to nọ́ńbà kí wọ́n tó mú ìkárùn-ún-dín-láàádọ́rùn-ún. A ní kí wọ́n tún un ṣe.

Àwòrán ilẹ̀ ọ̀nà tí a kà ti jáde lórí ìwé ńlá, ètò kọ̀ǹpútà QGIS la fi ṣe é. Ẹ̀dà kan wà lára ògiri ọ́fíìsì, ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ fóòmàn. Wọ́n fi ìnkì pupa sàmì sí gbogbo ibi tí gọ́tà ti là sílẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìwé, ìdérí oní-50 ni wọ́n máa kọ́kọ́ dà fún wọn. Gbígbẹ́ gọ́tà wà fún March, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu.

Ẹrù tó wà ní ilẹ̀ fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan: kóònù 12, pátákó mẹ́ta, pátákó DÚRÓ àti MÁA LỌ méjì, jákẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, pákó àwòṣe bọ́ǹpù, pákó dídagẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ooru kan. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n kó o sí jẹ́ méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka iṣẹ́, èkejì ń bẹ lọ́rùn fóòmàn.